Business Administration: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Lọ́dún tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, àǹtí mi kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́. Mo ní Business Administration ni. Wọ́n ní kí nìyẹn lédè Yorùbá. Èmi náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ẹ̀kọ́ nípa òwò ni, mà." Ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òwò kẹ̀? Òwò tí mo ti ń ṣe látìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ ni wọ́n fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ẹ? Wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù fóṣù mẹ́fà, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ."

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kọ́ ló jẹ̀bi, ìtumọ̀ tí mo fún wọn ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtumọ̀ yẹn náà ló ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú títí di òní. Ọmọ á rò pé òun ń lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń di olówó. Òbí á rò pé ọmọ òun fẹ́ fowó ṣòfò lórí ohun tí ìyá aláta mọ̀ láì tẹ ilé ìwé.

Bí Yorùbá bá ní "òwò", rírà àti títà ló máa ń wá síni lọ́kàn: ra ọjà wá láti Èkó, gbé owó lé e, tà á, jèrè. Business tí wọ́n fi sọ ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn wà nínú ẹ̀, báńkì wà nínú ẹ̀, oko adìyẹ, ilé ìwé aládàáni àti iléeṣẹ́ tó ń ta omi inú ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Ibikíbi ni, tí èèyàn bá ti pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, tí owó ń wọlé tó sì ń jáde, tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí lásìkò. Administration ní tiẹ̀, àkóso ni. Ká ní mo ti sọ fún àǹtí mi pé "ẹ̀kọ́ nípa àkóso iléeṣẹ́" ni, bóyá ẹ̀rín wọn ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò tiwọn. Orí wọn ni ìwé wọn. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti iye tó kù, wọ́n mọ léèsì tó máa ń yá nígbà Iléyá, wọ́n sì mọ èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì. Kò sí yunifásítì tó lè kọ́ni nìyẹn, jíjókòó tì wọ́n ló ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní ṣọ́ọ̀bù náà di méje, méjì n'Ìbàdàn, méjì n'Ílọrin, ọ̀kan l'Óṣogbo, méjì l'Ékòó, kí òṣìṣẹ́ wá di ogójì. Ta ló máa ka ọjà Ìlọrin? Bí ọmọ Òṣogbo bá ní òjò ló ba aṣọ jẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ta ló láṣẹ láti ta àwìn, iye wo ni àwìn náà ò sì gbọdọ̀ kọjá? Ta ni ọ̀gá ta? Níbi tí iṣẹ́ bá ti ju ohun tí orí ẹnì kan lè gbé, ibẹ̀ ni Business Administration ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, reluwé àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà gbòòrò débi pé ẹni tó ni wọ́n ò lè dé gbogbo ibi tí owó ẹ̀ dé. Joseph Wharton, ọ̀kan lára àwọn tó là nídìí iṣẹ́ irin, ló fowó sílẹ̀ ní 1881 kí Yunifásítì Pennsylvania fi dá ilé ẹ̀kọ́ òwò sílẹ̀. Harvard tẹ̀ lé e ní 1908 pẹ̀lú oyè MBA. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Henri Fayol, tó ti pẹ́ gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìwakùsà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1916 pé nǹkan márùn-ún ni iṣẹ́ alákòóso: kó máa wo iwájú kó sì ṣètò fún un, kó fi èèyàn àti ohun èlò síbi tó yẹ wọ́n, kó máa pàṣẹ, kó rí i pé apá kan ò tako apá kejì, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n ṣe bá ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe mu. Gbogbo ọmọ 100 level ló ń há márùn-ún yìí sórí bí ẹni ń há oríkì. Nílẹ̀ wa, nígbà tí Yunifásítì Èkó ṣílẹ̀kùn ní 1962, ẹ̀kọ́ nípa òwò wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òfin àti ìṣègùn.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní Nàìjíríà. Ọdún àkọ́kọ́ máa ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ò jọ òwò rárá: ọrọ̀ ajé, ìṣirò, ìwé owó tí à ń pè ní accounting, statistics, pẹ̀lú àwọn GST, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí gbogbo yunifásítì ń fi dá gbogbo ọmọ lágara. Láti 200 level lọ ni ojú ẹ̀kọ́ náà ti ń là: òfin òwò, bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bí iléeṣẹ́ ṣe ń wá owó tó sì ń ná an, bí wọ́n ṣe ń pèsè ọjà tí kò fi ní pọ̀ jù nínú ilé tàbí kó tán lójijì. Ní 400 level, wọ́n á wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní kó o fi ojú ọ̀gá àgbà wò ó, kó o sì kọ iṣẹ́ ìwádìí tìẹ. Láti 2023 tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti mú ètò ẹ̀kọ́ tuntun wọlé, àjọ náà ló ń pèsè ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọgbọ̀n tó kù kún un. Torí náà, bí ọmọ LASU àti ọmọ Unilorin bá ń jiyàn lórí orúkọ kọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín, kẹ́ ẹ lè mọ irú ojú tí ẹ̀kọ́ yìí ń fi sí èèyàn lára. Ká ní ẹnì kan dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Àpèjúwe ni o, kí oníbúrẹ́dì kankan má bá mi jà. Owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦500,000 lóṣù. Ó ta búrẹ́dì ni o, kò tà á ni o, owó yìí gbọ́dọ̀ jáde. ₦1,000 ló ń ta búrẹ́dì kan fún àwọn alágbàtà. Fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, gáàsì àti ọ̀rá tó ń wọ orí búrẹ́dì kan jẹ́ ₦800. Bí ẹ bá bi í pé èló ni èrè orí ẹ̀, á ní igba náírà.

Irọ́ ni. Igba náírà yẹn ò tíì di èrè, owó ilé àti owó oṣù ló ṣì ń bá a san. Ẹ pín ₦500,000 sí ₦200, ẹ máa rí 2,500. Ìyẹn ni pé tí kò bá tíì ta búrẹ́dì 2,500 lóṣù, àdánù ló ń ṣe, bó ti wù kí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ tó. Èrè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkan tó tẹ̀ lé e. Break-even ni wọ́n ń pe ibi tí kò ti sí èrè tí kò sì sí àdánù yìí.

Wàyí o, fúláwà gbówó lórí. Owó tó ń wọ orí búrẹ́dì kan kúrò ní ₦800, ó di ₦850. Oníbúrẹ́dì ní òun ò ní fowó kún un, kí àwọn oníbàárà má bàa sá, pé àádọ́ta náírà péré ni, òun á fara dà á. Ohun tó ń kù lórí búrẹ́dì kan wá di ₦150. Ẹ tún pín ₦500,000 sí ₦150: ó lé ní 3,333. Ó gbọ́dọ̀ ta búrẹ́dì tó lé ní 830 sí i lóṣù kó tó lè padà síbi tí kò ti jèrè tí kò sì pàdánù! Àádọ́ta náírà tó fojú kéré ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún iṣẹ́ ẹ̀. Tí ààrò ẹ̀ ò bá sì lè yan ju 3,000 lóṣù ńkọ́? A jẹ́ pé àdánù ló ń jí ní ìdájí lọ yan. (Ìdí nìyẹn, láàárín tèmi tìẹ, tí búrẹ́dì àdúgbò yín fi ń fúyẹ́ sí i tí owó ẹ̀ ò yí padà.)

Àwọn oníṣòwò wa mọ̀ pé ó burú kéèyàn jẹ ojú owó. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fi kún un ni nọ́ńbà: á fi ibi tí ojú owó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ hàn ọ́, kí o tó débẹ̀. Mo mọ ilé búrẹ́dì mélòó kan tó ti kógbá wọlé tí ẹni tó ni ín ṣì ń sọ pé ọjà ń tà dáadáa nígbà náà. Òótọ́ ni, ọjà ń tà.

Apá òfin náà ní ohun kan tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́nu. Aron Salomon, oníbàtà kan ní London, sọ iṣẹ́ ẹ̀ di kọ́ńpánì. Nígbà tí iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí kọ́ńpánì jẹ lówó ní Salomon alára ni kó san án, ṣebí òun ló ni ín. Ẹjọ́ náà dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, ní 1897, wọ́n sì dá a pé ọ̀tọ̀ ni Salomon, ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpánì. Lójú òfin, bí èèyàn méjì ni wọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà náà nìyẹn, àti láti ìgbà CAMA, òfin kọ́ńpánì ti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpánì sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpánì sílẹ̀. Inú ẹni tó bá gbọ́ èyí á dùn, àbí kí ni: tí gbèsè bá dé, kọ́ńpánì ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni idà yẹn ní. Bí gbèsè ẹ̀ kì í bá ṣe tìẹ, owó ẹ̀ náà kì í ṣe tìẹ. Ẹni tó bá ń ki ọwọ́ bọ inú owó ọjà láti fi san owó ilé ìwé ọmọ, láti fi ra aṣọ ẹbí, láìkọ ọ́ síbì kan, kò ní mọ̀ láéláé bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ń jèrè àbí òun ló ń bọ́ ọ.

Àwọn èèyàn tún máa ń da ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ mọ́ àwọn ìbátan ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká jìnnà sí ilé búrẹ́dì yẹn. Ẹni tó kọ́ Accounting ló máa kọ gbogbo owó tó wọlé tó jáde sílẹ̀, tó sì máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Ẹni tó kọ́ Economics ló máa ṣàlàyé ìdí tí fúláwà fi wọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó kọ́ Marketing á fẹ́ mọ ẹni tó ń ra búrẹ́dì náà, àti ìdí tó fi fi èyí tó wà ní òdìkejì títì sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ Business Administration ló máa jókòó sáàárín àwọn mẹ́ta yìí, tó máa gbọ́ tẹnu wọn, tó sì máa sọ bóyá kí wọ́n fowó kún búrẹ́dì lọ́la. Ó mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ oníkálukú wọn. Public Administration kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àkóso ọ́fíìsì ìjọba ni tiẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra.

Ọ̀rọ̀ wíwọlé ò le tó bí àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì ṣe ń sọ ọ́. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ayé. Ìṣirò àti Economics ni ó máa ń tẹ̀ lé e fún ẹ̀kọ́ yìí, pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan sí i. Ní WAEC tàbí NECO, kìrẹ́dìtì márùn-ún ni, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń béèrè Economics náà. Ẹni tó bá ń sá fún ìṣirò tó wá ń sá bọ̀ wá síbí ti sá láti inú òjò bọ́ sínú odò. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù, ẹ yẹ IBASS, ìwé atọ́nà JAMB tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wò fún yunifásítì tí ẹ fẹ́ gan-an, torí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tiẹ̀.

Ibi tó tún ń dojú rú ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. B.Sc. ni yunifásítì ń fúnni lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Pólì ń kọ́ ọ náà: ọdún méjì fún ND, ọdún kan tí ọmọ á lọ fi ṣiṣẹ́ níta, ọdún méjì mìíràn fún HND. Ẹni tó ní ND tó dáa lè gba Direct Entry wọ 200 level ní yunifásítì. B.Sc. àti HND ló ń sin ilẹ̀ bàbá lábẹ́ NYSC, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ ojú tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan fi ń wo HND. Èmi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irọ́ ni màá pa fún ọmọ yín bí mo bá ní kò sí. MBA ni èyí tí àwọn èèyàn ń ṣì gbọ́ jù. Kì í ṣe orúkọ mìíràn fún B.Sc.; ẹ̀yìn oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbà á, àárín àwọn tó sì ń gbà á, ẹ máa rí dókítà àti ẹnjiníà tí wọn ò kọ́ nǹkan kan nípa owó rí, tí wọ́n wá di ọ̀gá lórí èèyàn. Tó bá ṣeé ṣe, ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mẹ́ta kó o tó lọ gbà á. Ẹni tí kò tíì rí i kí ọ̀gá méjì máa jà lórí owó kan náà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan sọ ní kíláàsì MBA. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Kútọnu tàbí Pọ́tọ̀-Nóvò, gestion, ìyẹn àkóso lédè Faransé, ni wọ́n máa ń pè é níbẹ̀, ọdún mẹ́ta sì ni licence wọn, bí ó ṣe jẹ́ ọdún mẹ́ta fún oyè àkọ́kọ́ ní England. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìwé wọn kò pé.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, dókítà ni. Ẹni tó bá kọ́ òfin, lọ́yà ni. Kò sí orúkọ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹni tó kọ́ Business Administration. Báńkì lè gbà á, iléeṣẹ́ ìbánigbófò lè gbà á, ilé ìwòsàn lè gbà á sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́. Ó gbòòrò, gbígbòòrò náà sì ni àléébù ẹ̀: ó mọ díẹ̀díẹ̀ nípa gbogbo nǹkan, bí agbanisíṣẹ́ bá sì béèrè pé "kí lo lè ṣe?", ó lè má rí nǹkan sọ. Àwọn tí mo rí tí wọn ò jìyà jù ni àwọn tó ti yan ọ̀nà kan láti 300 level. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ kọ ìdánwò CIPM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn owó gbájú mọ́ ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáùntáǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò tí wọ́n máa fò fún un ò ní pọ̀ tó ti ẹni tó kọ́ Accounting. Máàkì náà ṣe pàtàkì. Nínú ètò máàkì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò, tí 5.00 ti ga jù, 3.50 dé 4.49 ni two-one, ìpele tó tẹ̀ lé first class, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kì í sì í ka lẹ́tà ẹni tí kò bá dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi 100 level ṣeré, títí tó fi máa jáde ni á máa gbé e pọ̀n.

Bí ọmọ náà bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀, tó ti ní ojú owó lọ́wọ́, tó sì ní ẹni tó lè jókòó tì? Èmi á ní kó lọ jókòó tì í ná. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́ wa ní ìṣàkóso òwò, mi ò rò pé wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Àǹtí mi jàre lórí ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Owó tó ń ti ibẹ̀ wá kò bá aṣọ tó ń tán níbẹ̀ mu, wọn ò sì fẹ́ fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kí wọ́n ra ìwé rìsíìtì tó ń tẹ̀ sí ojú ewé méjì, kí oníbàárà mú ìkan lọ, kí ìkejì dúró. Mo ní ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ka ọjà. Kí ẹlòmíràn máa lọ kà á ní gbogbo Sátidé, kó má sì sọ tẹ́lẹ̀ aago tó ń bọ̀.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. "Ìyẹn ni wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ ẹ?"

"Rárá o, mà," mo ní. "200 level nìyẹn."